Bí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ṣe lè dá kíláàsì ọnà, eré ìdárayá àti èdè adití sílẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́

Tíṣà kan náà tó ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò láàárọ̀ la tún ń retí pé kó kọ́ ọ ní ìlù, àwòrán àti eré sísá kó tó dọ̀sán. Bó ṣe rí nìyẹn ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa. Kò sì sẹ́ni tó mọ gbogbo ẹ̀ tán. Níbi tí ọwọ́ tíṣà ò bá tó, á ya ìkòkò sójú pátákó, á ní kí àwọn ọmọ wò ó yà, iṣẹ́ ọnà ọ̀sẹ̀ yẹn parí nìyẹn. Bó bá kan eré ìdárayá, á ju bọ́ọ̀lù sáàárín àwọn ọkùnrin, á ní kí àwọn obìnrin lọ ta súwé, òun náà á wá ìbòòji jókòó sí. Ẹ má dá a lẹ́bi. Ta ló kọ́ òun náà?

Bẹ́ẹ̀, àwọn tó mọ iṣẹ́ wọ̀nyí dénú kò jìnnà sí wa. Onílù wà ládùúgbò, aláró wà, ẹni tó ti sáré gba ife-ẹ̀yẹ nígbà tó wà ní sẹ́kọ́ńdìrì wà. Adití tó ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ já geere náà wà, bóyá òun gan-an ló ń rán aṣọ yín. Bẹ́ ẹ ṣe máa mú wọn wọ kíláàsì láìsí wàhálà ni mo fẹ́ kọ síbí, fún hẹ́dítíṣà, fún ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, àti fún òbí tó bá fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú wọn.

Nínú gbogbo ẹ̀, ohun kan ni kẹ́ ẹ dì mú ṣinṣin: ẹni tó mọ iṣẹ́ ni kó kọ́ iṣẹ́, ṣùgbọ́n tíṣà kíláàsì ò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀. Kó jókòó, kó máa kọ́ ọ pẹ̀lú àwọn ọmọ. Àlejò á lọ lọ́jọ́ kan, tíṣà ló ń kù.

1. Ẹ wo táìmùtébù kẹ́ ẹ tó wo àpò

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí owó. Iṣẹ́ ọnà àti àṣà ti wà nínú ètò ẹ̀kọ́ ìjọba tẹ́lẹ̀, òun ni àwọn tíṣà ń pè ní CCA. Eré ìdárayá àti ìlera náà wà níbẹ̀, òun ni PHE. Ààyè ti wà fún méjì nínú mẹ́ta nìyẹn, ẹni tó máa fi nǹkan gidi sínú ààyè ọ̀hún ni kò sí. Èdè adití nìkan ni kò ní píríọ́dù tirẹ̀. Ẹ bu ìṣẹ́jú 15 fún un lára àsẹ́ńbílì, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kẹ́ ẹ wá yọ píríọ́dù kan gbáko fún un lọ́jọ́ Ọjọ́rú.

Ẹ ṣọ́ra fún ọjọ́ Ẹtì. Ẹ̀pẹ́ la wà. Tó bá ti ku díẹ̀ kí aago 12 lù, ọkàn tọmọdé tàgbà ti wà ní Jímọ̀. Ẹ má sì tì í sí ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti jáde ilé-ẹ̀kọ́. Ilé kéú ń dúró de àwọn kan, àwọn mìíràn ní ọjà tí wọ́n máa bá ìyá wọn tà. Kíláàsì tí ọmọ ní láti yàn láàárín òun àti ilé kéú, kíláàsì yẹn ló máa pàdánù.

Kíláàsì kan ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ẹ má kó gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ pọ̀. Ìwé kẹrin ni mo fara mọ́ jù. Wọ́n ti dàgbà tó ẹni tó lè di abẹ́rẹ́ mú, wàhálà ìdánwò àtiwọ sẹ́kọ́ńdìrì kò sì tíì dé bá wọn.

2. Ìwé ìyọ̀ǹda àti ààbò ọmọ

Tó bá jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ni, hẹ́dítíṣà ló máa kọ lẹ́tà sí àjọ ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀, kí alága SBMC, ìyẹn ìgbìmọ̀ ará àdúgbò àti òbí tó ń bá wọn bójú tó ilé-ẹ̀kọ́, fọwọ́ sí i pẹ̀lú. Kí lẹ́tà náà kúrú: orúkọ ẹni tó ń bọ̀, ohun tó ń bọ̀ wá kọ́ wọn, ọjọ́ àti wákàtí, àti orúkọ tíṣà tó máa wà níbẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni ò nílò lẹ́tà yìí, ṣùgbọ́n ohun tó kù ò yọ wọ́n sílẹ̀.

Láti ọdún 2007 ni Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé. Nítorí náà, àlejò ò gbọdọ̀ dá wà pẹ̀lú ọmọ, ìbáà jẹ́ ọ̀kan, ìbáà jẹ́ ogún. Kó mú káàdì ìdánimọ̀ wá, kó mú onídùúró méjì tí àdúgbò mọ̀. Kódà kó jẹ́ àbúrò hẹ́dítíṣà ló ń bọ̀ wá kọ́ wọn nílù, onídùúró náà ni kó mú wá. Ojú máa ń ti àwa Yorùbá láti béèrè irú nǹkan yìí lọ́wọ́ ẹni tó wá ṣe wá lóore, pàápàá bó bá jẹ́ àgbàlagbà. Ẹ fún gbogbo wọn ní fọ́ọ̀mù kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀, kò ní jọ pé ẹnì kan lẹ fura sí.

3. Ibi tẹ́ ẹ ti máa rí wọn

Fún eré ìdárayá, ẹ kọ́kọ́ lọ sí Nọ́fọ́rìjà. Ibẹ̀ ni ọgbà LASUED wà, yunifásítì ẹ̀kọ́ ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó. MOCPED, kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, la mọ ọ́n sí kó tó di yunifásítì lọ́dún 2022. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ tíṣà gbọ́dọ̀ lọ ṣe TP, ìyẹn kí wọ́n lọ fi iṣẹ́ tíṣà dánra wò ní ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ kọ̀wé sí wọn ṣáájú kí tááàmù tó bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ sọ ní pàtó pé ẹni tó ń kọ́ nípa eré ìdárayá tàbí iṣẹ́ ọnà lẹ fẹ́. Bẹ́ ẹ bá kàn ní ẹ fẹ́ tíṣà, ẹni tí wọ́n bá rí ni wọ́n máa fi ránṣẹ́, á wá di pé ẹ ní tíṣà Gẹ̀ẹ́sì méjì.

Fún ìlù, àsìkò Káyó-Káyó ló dáa jù láti wá ènìyàn. Ọdún tí àwọn Èkó Ẹ̀pẹ́ fi ń rántí bí Ọba Kòsọ́kọ́ ti Èkó ṣe gúnlẹ̀ síbí lọ́dún 1851, ẹ mọ̀ pé kò sí onílù tó ń jókòó sílé lásìkò rẹ̀. Ẹ má lọ bá ẹni tó ń lu ìlù kíkan jù. Ẹni tí ọmọkọ́ṣẹ́ pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni kẹ́ ẹ wá, torí ẹni tó mọ̀ ọ́n lù àti ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ́ni, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Bákan náà lẹ máa ṣe fún aláró, fún ẹni tó ń hun àwọ̀n, fún ẹni tó ń hun ẹní.

Ti èdè adití ló gba sùúrù. Adití fúnra rẹ̀ ni kó kọ́ wọn. Kì í ṣe ẹni tó wo fídíò lórí YouTube, kì í ṣe tíṣà tó lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ méjì. Ẹ béèrè ní àwọn ṣọ́ọ̀ṣì tó ní ìsìn àwọn adití. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àwọn adití ní Nàìjíríà, NNAD, wọ́n ní ẹ̀ka ní Èkó. Ẹ tún lè kọ̀wé sí LASODA, iléeṣẹ́ ìjọba Èkó tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn tó ní ìpèníjà ara. Bẹ́ ẹ bá rí tíṣà tó jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ àkànṣe ìjọba àpapọ̀ tó wà ní ìlú Ọ̀yọ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1977, ẹ mú un mọ́ra. Òun á jẹ́ ògbufọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́ títí ẹ̀yin àti adití náà á fi gbọ́ ara yín yé.

4. Owó

Ẹ sọ ọ́ kó dán kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Owó ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yanjú, torí ẹni tó ń gun ọ̀kadà wá láti Ẹ̀rẹ̀dó lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ kò ní pẹ́ sú bó bá jẹ́ àpò ara rẹ̀ ló ń ná. Bẹ́ ẹ bá ń san owó iṣẹ́, iye tẹ́ ẹ bá san fún onílù ni kẹ́ ẹ san fún adití. Mo mọ ìdí tí mo fi ń sọ ọ́: àwọn kan rò pé adití yẹ kó dúpẹ́ pé wọ́n tilẹ̀ pe òun. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ò gbọdọ̀ bu owó yìí lé àwọn òbí lórí láìgba àṣẹ. Ẹgbẹ́ àwọn tó jáde níbẹ̀, aláàánú kan ládùúgbò, tàbí owó tí SBMC ní lọ́wọ́ ni kẹ́ ẹ wò.

5. Èdè adití ni kó kọ́kọ́ wọlé

Ọ̀pọ̀ máa ń fi í sẹ́yìn, wọ́n á ní kò sí adití ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn. Kò sí lóòótọ́, torí kò sẹ́ni tó lè bá a sọ̀rọ̀ bó bá wá. Òfin orílẹ̀-èdè tó dènà kí wọ́n máa fi ojú yẹpẹrẹ wo àwọn tó ní ìpèníjà ara, èyí tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019, fún ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti kàwé pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ti ìpínlẹ̀ Èkó ti wà láti ọdún 2011. Ìdí mìíràn tí mo fi ní kó ṣáájú ni pé ó máa wúlò nínú kíláàsì onílù àti lórí pápá, ẹ máa rí i níwájú.

Ẹ to bẹ́ǹṣì bí ìlàjì òṣùpá, kí gbogbo ọmọ lè rí ọwọ́ àti ojú olùkọ́. Kí olùkọ́ má ṣe kẹ̀yìn sí fèrèsé. Ìmọ́lẹ̀ tó bá wà lẹ́yìn ẹni máa ń sọ ojú ẹni di dúdú, ẹni tó ń wò ó ò sì ní lè rí ohun tí ojú ń sọ. Kíláàsì tó dojú kọ oòrùn àárọ̀, ẹ yí bẹ́ǹṣì padà.

Ọjọ́ kìn-ín-ní, ẹ máa bá ìṣòro kan pàdé tí kò sí nínú ìwé kankan. Ọmọ tí wọ́n ti ń sọ fún láti kékeré pé “ojú mi lò ń wò yẹn?” kò ní lè wo ojú àgbàlagbà fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Olùkọ́ á máa sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ọmọ á tẹrí ba, ó rò pé ìwà ọmọlúàbí lòun ń hù, gbogbo ọ̀rọ̀ á sì gba orí rẹ̀ kọjá. Bẹ́ẹ̀ náà ni nínàka sí àgbà, èyí tí a kà sí àfojúdi, tó sì jẹ́ pé bí wọ́n ṣe ń sọ “ẹ̀yin” nìyẹn. Kí tíṣà kíláàsì fẹnu ara rẹ̀ sọ fún wọn lójú gbogbo ènìyàn pé nínú kíláàsì yìí, wíwo ojú ni ìtẹ́tísílẹ̀. Kí ọmọbìnrin kúnlẹ̀, kí ọmọkùnrin dọ̀bálẹ̀ kí olùkọ́ náà bí wọ́n bá ń wọlé, bí wọ́n ṣe ń kí àwọn tíṣà yòókù. Bí wọ́n bá ti dìde tán, kí wọ́n gbójú sókè.

Ọmọ tó ń lo ọwọ́ òsì ńkọ́? Ọwọ́ òsì ni kó fi sọ̀rọ̀. Ẹ má lù ú lọ́wọ́, ẹ má ní kó yí i padà. Ọwọ́ tó dá a lójú ni àwọn adití fúnra wọn ń lò.

Ẹ máa bá èdè náà bí ó ṣe jọ ti Amẹ́ríkà. Andrew Foster ló fà á, adití ni, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú. Ó dá ilé-ẹ̀kọ́ adití sílẹ̀ ní Gánà lọ́dún 1957, ó sì dé Ìbàdàn lọ́dún 1960. Àwọn adití wa ti wá fi tiwọn kún un láti ìgbà yẹn. Bí fídíò Amẹ́ríkà bá sọ báyìí, tí adití tó wà níwájú yín sọ bẹ́ẹ̀ kọ́, tiẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbà.

Fún ọjọ́ àkọ́kọ́, lẹ́tà mẹ́rin tó: B, O, L, A. Fún B, ẹ na ìka mẹ́rin sókè kí wọ́n lẹ̀ mọ́ra, kẹ́ ẹ ká àtàǹpàkò sí àtẹ́lẹwọ́. Fún O, ẹ tẹ gbogbo ìka wá bá àtàǹpàkò kó rí roboto. Fún L, ẹ na ìka ìfábẹ̀lá sókè, àtàǹpàkò sí ẹ̀gbẹ́, kẹ́ ẹ ká ìyókù. Fún A, ẹ di ẹ̀ṣẹ́, kí àtàǹpàkò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gbogbo ọmọ tó ń jẹ́ Bọ́lá ti lè kọ orúkọ ara rẹ̀ lọ́wọ́ kí wọ́n tó lọ jẹun, àwọn Àlàbá àti Ọlá náà ò sì ní gbẹ́yìn. Àwọn Kúdíràtì á ní kí lọ́la tètè dé.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi A sí Z nìkan pa gbogbo tááàmù. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyẹn, torí ó rọrùn láti lẹ̀ mọ́ ògiri. Ohun tí ọmọ nílò láti sọ ní ìdajì wákàtí tó ń bọ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́ ọ: omi, mo fẹ́ lọ tọ̀, ó ń dùn mí, dúró, máa bọ̀, mo ti ṣe tán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣé. Ẹ tún kọ́ wọn pé ojú ń sọ̀rọ̀. Bí ìbéèrè bá jẹ́ ti bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, irun òkè ojú á gbéra sókè. Bó bá jẹ́ ti ta ni, níbo, kí ni, iwájú orí á kó jọ. Àwọn ọmọ fẹ́ràn apá yìí. Àwọn tíṣà ló máa ń tijú.

Bí wọ́n ṣe ń pe adití náà ní ọ̀nà tirẹ̀: ẹ fọwọ́ kàn án léjìká jẹ́ẹ́jẹ́, ẹ ju ọwọ́ síbi tí ojú rẹ̀ ti lè rí i, tàbí kẹ́ ẹ gbá tábìlì. Fífẹsẹ̀ kilẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ lórí sìmẹ́ǹtì. Àtẹ́wọ́ wọn ni pé kí ọwọ́ méjèèjì gbéra sókè, kí wọ́n máa mì ín yẹ́ẹ́yẹ́ẹ́. Orúkọ ọwọ́, ìyẹn orúkọ kúkúrú tí adití fi ń pe ẹnì kan láìkọ lẹ́tà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sẹ́ni tó ń fún ara rẹ̀. Kí àwọn ọmọ dúró kí olùkọ́ sọ wọ́n lórúkọ nígbà tó bá ti mọ̀ wọ́n.

Bí ọmọ adití bá ti wà nínú kíláàsì náà, ẹ má pè é jáde kẹ́ ẹ fi ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ jẹ́ kó jókòó láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì kò ní tán kí àwọn tó kù tó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ bá a fúnra wọn pé kó tún ọwọ́ àwọn ṣe.

6. Iṣẹ́ ọnà

Ẹ mú iṣẹ́ ọwọ́ kan àti ìlù, kó tó fún tááàmù kan. Àdìrẹ oníko ni mo máa kọ́kọ́ mú. Aṣọ òwú funfun tó tó áńkáṣífù ni kẹ́ ẹ gé fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Pọ́líẹ́sítà kì í gba aró yìí dáadáa. Ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ̀kọ inú rẹ̀ jáde, kẹ́ ẹ sá a gbẹ. Aláró á wá fi hàn wọ́n bí a ṣe ń ki òkúta wẹ́wẹ́ sábẹ́ aṣọ, tí a ó fi ìko wé ọrùn rẹ̀ títí á fi le. Ibi tí ìko bá mú ni aró kì í dé. Ẹ ní kí wọ́n di òkúta ńlá kan sáàárín, wẹ́wẹ́ yí i ká, oṣù bàm̀bà nìyẹn. Ọwọ́ ọmọ tí kò bá le tó, ìko rẹ̀ á tú, aró á wọlé, gbogbo ẹ̀ á di aláwọ̀ kan. Ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìgbà kejì, á wé e.

Dídì ni tiwọn. Rírẹ kì í ṣe tiwọn rárá. Aró òde òní ń lo sódà tó ń jó ara, òórùn rẹ̀ ò sì dáa ní yàrá. Kí aláró wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, kó ṣe é níta, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, kí àwọn ọmọ dúró lókèèrè. Bí kò bá síbi tó ṣófo lọ́gbà, kó kó aṣọ lọ sílé rẹ̀, kó mú un padà wá lọ́jọ́ kejì láìtú u. Àwọn ọmọ ni kó tú u fúnra wọn. Ẹ má gba ayọ̀ yẹn mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ní ti ìlù, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí gángan. Agogo àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi kọ́ wọn ní ìwọ̀n àsìkò. Lẹ́yìn náà kí onílù wá mú gángan jáde, kó máa fi pe orúkọ wọn, kí wọ́n sọ ẹni tó pè. Ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ tí tíṣà ti ń kọ́ wọn ní kíláàsì Yorùbá láìyé wọn, á yé wọn níbí. Ọmọ adití kò níí jókòó síta ní wákàtí yìí. Ẹ jẹ́ kó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ara ìlù, tàbí kó di báálúùnù tẹ́ ẹ fẹ́ mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gbogbo bó ṣe ń gbọ̀n ló máa wọ ọ́ lára. Kí ọmọ kan jókòó níwájú rẹ̀, kó máa fi ọwọ́ ka iye ìlù fún un.

7. Eré ìdárayá

Kí aago 10 tó lù ni, kí oòrùn tó mú. Ìgò rọ́bà tẹ́ ẹ rọ iyanrìn sí ti tó fi pa ààlà, igi ìgbálẹ̀ tẹ́ ẹ gé sí wẹ́wẹ́ ti tó fún ọ̀pá eré ìgbọ́pá-sáré. Omi mímu ní láti wà, àti àpótí ìtọ́jú pàjáwìrì.

Ẹ fi aṣọ pupa rọ́pò fèrè. Kí ẹni tó ń darí ju aṣọ náà sókè nígbà tí wọ́n bá máa sáré, kó tún jù ú bí wọ́n bá máa dúró. Adití àti ẹni tó ń gbọ́ á jọ gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. Eré ìgbọ́pá-sáré tí ẹni mẹ́rin ń sá dáa fún kíláàsì yìí ju bọ́ọ̀lù lọ, torí gbogbo ọmọ ni ọ̀pá máa dé ọwọ́ rẹ̀, ó sì ṣeé ṣe láìsọ̀rọ̀. Kí ẹni tó ń gbà á na ọwọ́ sẹ́yìn láìwẹ̀yìn, kí ẹni tó ń gbé e bọ̀ fi lé e lọ́wọ́. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n rìn ín, lẹ́yìn náà kí wọ́n sáré díẹ̀, kó tó di ti kíkankíkan.

Ìjàkadì náà dáa, lórí iyanrìn rírọ̀, ọkùnrin pẹ̀lú ọkùnrin, obìnrin pẹ̀lú obìnrin, kí ìwọ̀n wọn sì báramu. Ní ti wíwẹ̀ nínú ọ̀sà, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti mọ̀ ọ́n wẹ̀ kí wọ́n tó mọ ABD, ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ tí kò bá ní olùdóòlà tó kọ́ṣẹ́ àti ẹ̀wù ìléfòó, kó má gbìyànjú ẹ̀.

Oṣù kẹfà sí keje, òjò á sọ pápá di ẹrẹ̀. Ẹ ní ọpọ́n ayò nílẹ̀: ihò 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ nídìí rẹ̀, ọwọ́ ni kó fi sọ ọ́.

8. Ọ̀sẹ̀ méjì tó kẹ́yìn tááàmù

Kí àlejò jókòó sẹ́yìn kíláàsì, kí tíṣà kíláàsì kọ́ wọn. Kí adití náà máa wo ọwọ́ tíṣà, kó má dá sí i àfi bó bá ṣìnà. Bí tíṣà bá lè gbé píríọ́dù kan já láìwẹ̀yìn, kí àlejò máa wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù láti wò wọ́n, kó sì bọ́ sí ìwé karùn-ún ní tááàmù tó ń bọ̀. Bí kò bá tíì lè ṣe é, ẹ má sún àlejò síwájú. Kó tún lo ìdajì tááàmù sí i níbẹ̀.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe àfihàn fún àwọn òbí, ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yà sọ́tọ̀ fún èdè àwọn adití, ó sì máa ń bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ tááàmù tuntun. Àwọn tó parí ìwé kẹrin lọ́dún tó kọjá ni kẹ́ ẹ fi ṣe é, kì í ṣe àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ẹ fi ìjókòó iwájú sílẹ̀ fún àwọn adití tó bá wá, kẹ́ ẹ sì ti san owó ọkọ̀ wọn ṣáájú ọjọ́ náà.